Ààtàn ni kí ẹ kó sínú àpótí yẹn, kì í ṣe yẹ̀ẹ̀pẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Súúrùlérè ni à ń gbé, sìmẹ́ńtì ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa. Káfíńtà ti bá mi kan àpótí mẹ́ta tí mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní 4, ó sì ga ní 2. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, wọ́n ní àpò ilẹ̀ dúdú 90 ni yóò kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó tí wọ́n pè ju owó pákó àti iṣẹ́ káfíńtà lọ. Ará ilé wa kan ní kí n lọ kó ìyẹ̀ pákó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn ní kí n jẹ́ kí típà já iyanrìn síbẹ̀. Kí ni mo lè kó sínú rẹ̀ tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ, tí ẹ̀fọ́ yóò sì hù dáadáa? — Ìyá Ìbejì, Súúrùlérè

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, Ìyá Ìbejì. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ dúdú fún yín kò rẹ́ yín jẹ nínú ìṣirò. Àpótí tí ẹ júwe yẹn ń gba nǹkan bí 1,800 lítà, àpò ìrẹsì ńlá kan sì ń gba nǹkan bí 60 lítà. Tí ẹ bá pín in, àpò 30 ni fún àpótí kan. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé ẹ̀fọ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi àpò 30 yẹn ṣe. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, nínú íǹṣì 8 òkè ni wọ́n ti ń jẹun jù. Ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé òkè dúró, kó fa omi mọ́ra, kó sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di oúnjẹ. Kò yẹ kí èèyàn fi owó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ààtàn ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà. Eérú ni wọ́n ń dà síbẹ̀, èèpo iṣu, háhá àgbàdo, ewé ẹ̀kọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí wọ́n gbá láàárọ̀. Ta ló gbin tòmátò síbẹ̀? Ta ló gbin ìbẹ́pẹ, ata àti elégédé? Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n máa ń dára ju ti inú oko lọ. Tẹ̀tẹ̀ orí ààtàn, ewé rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ààtàn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ sínú àpótí, kí ẹ wá fi ilẹ̀ dúdú díẹ̀ bo orí rẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́, wọ́n ń to igi àti ewé jọ sábẹ́ ebè, wọ́n sì ń pè é ní Hügelkultur. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lèmi ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ fi ojú pín àpótí yín sí ìpele mẹ́ta, íǹṣì 8, íǹṣì 8, íǹṣì 8. Igi àti ohun líle ni ti ìsàlẹ̀. Ewé, èèpo àti ìgbẹ́ ẹran ni ti àárín. Òkè nìkan ni ilẹ̀ dúdú ń lọ, kì í sì í dá lọ: nínú àpò 10 tí òkè ń gbà, kí 6 jẹ́ ilẹ̀ dúdú, kí 4 jẹ́ ajílẹ̀, ìyẹn ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà tán. Ìyẹn ni pé àpò ilẹ̀ dúdú 18 péré ni ẹ óò rà fún àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dípò 90.

Ti ìsàlẹ̀ rọrùn. Nígbàkigbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iná bá gé ẹ̀ka máńgòrò kúrò lára wáyà, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ sí. Ẹ ní kí ọmọlanke kan bá yín kó o. Èèpo àgbọn dára ju igi lọ pàápàá, torí ó ń mu omi bí kànrìnkàn, ọ̀pọ̀ alágbọn ló sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó o kúrò lójú ìsọ̀. Kùùkù àgbàdo wà, imọ̀ ọ̀pẹ wà. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, tí àwọn àgbà ní kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, ẹ gé e wẹ́wẹ́ síbẹ̀: omi ló kún inú rẹ̀, ó sì tètè ń jẹrà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀ka tútù ìyeyè àti ti àkòkò. Bí wọn kò bá gbẹ, wọn yóò ta gbòǹgbò nínú àpótí, igi ni ẹ óò sì máa bá fa ẹ̀fọ́. Pákó ilé tí wọ́n wó, tí ọ̀dà tàbí oògùn ikán wà lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ti to igi tán, ẹ da eèrí ògì tàbí ewé gbígbẹ sí gbogbo àlàfo àárín wọn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ da omi sí i. Àlàfo tí ẹ bá fi sílẹ̀, ilé èkúté ni.

Àárín ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ẹ̀fọ́ yóò ti máa wá, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í ṣe.

LAWMA, àjọ ìjọba tí wọ́n ti ń bójú tó pàǹtí kíkó ní Èkó láti ọdún 1977, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà, máa ń sọ pé nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù pàǹtí ni ìlú yìí ń dà nù lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tó lè jẹrà. Bí ẹ bá dé Oyíǹgbò tàbí Mile 12 nírọ̀lẹ́, ẹ óò rí òkìtì èèpo ọsàn, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, tòmátò tó ti bẹ́, ewé tí wọ́n fi di ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko. Ẹ kò nílò láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ológì àdúgbò yín ní eèrí. Alákàrà ní èèpo ẹ̀wà ní gbogbo òwúrọ̀. Ẹ fún wọn ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ní ìdérí, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa dà á síbẹ̀, kí ẹ máa lọ gbé e lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀fọ́ bá jáde, ẹ fún wọn ní ìdì kan kan.

Ewé gbígbẹ ni yóò bá àwọn nǹkan tútù wọ̀nyí pò, kó má baà máa rùn. Àsìkò ọyẹ́ ni ewé ń wọ́ jù. Ẹnikẹ́ni tó ní igi fúrúùtù níwájú ilé mọ̀ ọ́n, ìgbálẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé àti ilé ìjọsìn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dáná sun ún. Ewé fúrúùtù àti ti máńgòrò le, ó sì fẹ̀. Tí ẹ bá tò ó lé ara wọn, omi kò ní ráyè kọjá. Ẹ fi ọwọ́ fún un wẹ́wẹ́, tàbí kí àwọn ọmọ gùn ún mọ́lẹ̀ nínú àpò. Bí ẹ bá da ewé gbígbẹ àpò 3, ẹ da èèpo tútù tàbí ìgbẹ́ ẹran àpò 1 lé e, kí ẹ wọ́n omi, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ewé ni kó máa wà lókè nígbà gbogbo, eṣinṣin kò ní rí ibi bà. Ìrẹsì sísè, ẹ̀bà, egungun, epo àkàrà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀, nítorí èkúté.

Ní ti ìgbẹ́ ẹran, bí a ṣe ń lò ó ń yàtọ̀ síra. Ti adìẹ ló lágbára jù, òun náà ló ń jó irúgbìn jù. Mo ti fojú ara mi rí ewédú tó hù dáadáa lọ́jọ́ kẹrin, tó sì gbẹ lọ́jọ́ kẹjọ bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé e, nítorí pé ìgbẹ́ adìẹ tútù ni mo pò mọ́ ilẹ̀ òkè. Ìpele àárín nìkan ni kí tútù máa lọ. Èyí tí yóò bá ilẹ̀ dúdú pò lókè gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpò fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kó ti di dúdú, kó ti fọ́ kúlẹ́kúlẹ́, kó má rùn mọ́. Ìgbẹ́ màlúù tutù ju ti adìẹ lọ. Ní odò ẹran Oko-Ọba ní Agége, yàtọ̀ sí ìgbẹ́, koríko tí wọ́n ń tú jáde láti inú ikùn màlúù wà níbẹ̀, tó ti dà ní ìdajì. Nǹkan ọ̀gbìn tó dára gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn rẹ̀ yóò mú kí aládùúgbò pè yín lẹ́jọ́ bí ẹ kò bá tètè fi ewé bò ó. Lẹ́yìn Iléyá ńkọ́? Ibi tí àwọn alágbò bá ti kúrò, ìgbẹ́ àgbò àti koríko tí wọ́n fi bọ́ ọ ti pò mọ́ra wọn sílẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Kì í jó irúgbìn bíi ti adìẹ, ó gbẹ, ó sì rọrùn láti kó.

Ó wá kan ìyẹ̀ pákó tí ará ilé yín dárúkọ. Kò parọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti gba afárá Third Mainland kọjá rí mọ èéfín tó máa ń rú sókè láti Oko Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń sun ún nítorí pé kò níbi tí wọn yóò kó o sí. Ìjọba ti ń kó àwọn onípákó ibẹ̀ lọ sí Agbọ́wá, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó kò wọ́n ní àdúgbò kankan. Ohun tí kì í yé èèyàn ni pé ìyẹ̀ pákó máa ń jẹun kó tó di oúnjẹ. Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ẹ́ tó fi ń jẹrà, àwọn náà sì nílò náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, bí ẹ̀fọ́ ṣe nílò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń wo iye kábọ́ọ̀nù, èyí tó pọ̀ nínú igi àti ewé gbígbẹ, tó wà nínú nǹkan sí náítírójìn kan: òkìtì tó bá wà ní nǹkan bí 30 sí 1 ń jẹrà dáadáa. Ìyẹ̀ pákó, ó máa ń lé ní 300 sí 1. Ìgbẹ́ adìẹ kì í sábà ju 10 sí 1 lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá da ìyẹ̀ pákó nìkan, àwọn kòkòrò yẹn yóò fa gbogbo náítírójìn tó wà nítòsí gbòǹgbò, ẹ̀fọ́ yóò wá dúró sójú kan, ewé rẹ̀ yóò pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ń ṣe. Àpótí kan tí mo kún báyìí ní Yábàá, odidi ọdún kan ni mo fi ń bọ́ ọ kó tó lè bọ́ mi.

Ẹ má sá fún un o. Àpò ìyẹ̀ pákó 2 sí àpò ìgbẹ́ adìẹ 1, kí ẹ pò wọ́n pọ̀ tútù, kí wọ́n lọ sí àárín, wọn yóò bá ara wọn mu. Èyí tó tún rọrùn jù ni pé kí ẹ wá ẹni tó ń sin adìẹ lórí ilẹ̀, kì í ṣe nínú kéèjì. Ìyẹ̀ pákó ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ adìẹ, nígbà tí wọ́n bá sì ń gbá a jáde, ó ti pò mọ́ ìgbẹ́ dáadáa. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ìbá ṣe, adìẹ ti bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè irú pákó tí wọ́n ń rẹ́. Ìyẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, tí gọ́ọ̀mù wà nínú pákó wọn, àti ìyẹ̀ pákó òrùlé tí wọ́n ti rì sínú oògùn ikán, kò yẹ fún ohun tí ọmọ yóò jẹ.

Iyanrìn típà, rárá. Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú ajọ̀, iyọ̀ lè wà nínú èyí tí wọ́n fà láti inú ọ̀sà, ó sì wúwo débi pé yóò ti ẹ̀gbẹ́ àpótí yín ya.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí pé mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò gbà yín níyànjú rẹ̀ lọ́la. Nígbà tí òjò bá fẹ́ dé, wọ́n máa ń kó gọ́tà, wọ́n á sì da ẹrẹ̀ dúdú inú rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tó bá gbẹ, ó máa ń dúdú kirimú, ó máa ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú, koríko sì máa ń hù lórí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan ń bù ú sínú àpò, wọ́n ń tà á. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Ọ́ìlì ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, omi ṣaláńgá wà nínú rẹ̀, ohun tó sì ń jò láti ara bátìrì mọ́tò lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn òjé. Òjé kì í jẹrà. Ẹ̀fọ́ lè fà á mu, erùpẹ̀ rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ewé àti mọ́ ọwọ́ ọmọdé. Ohun tí òjé ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Zamfara lọ́dún 2010, ibi ìwakùsà góòlù ló ti wá, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì bá a lọ. Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ti ìyá àgbà lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí bátìrì àti ọ̀rá nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá láyé ìgbà yẹn. Ààtàn tiyín gbọ́dọ̀ kọ̀. Ìdí kan náà ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má bu ilẹ̀ láti ààtàn àtijọ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tí ẹ bá ń ra ilẹ̀ dúdú náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ilẹ̀ tó dára ń rùn bí ilẹ̀ oko lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Bó bá rùn bí ọ́ìlì tàbí bí gọ́tà, ẹ dá a padà.

Nítorí pé orí sìmẹ́ńtì ni àpótí yín wà, ẹ jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde. Àlàfo tó gba ìka kan ní ìdí pákó, ní ìhà tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, ti tó, kí ẹ fi èèpo àgbọn dí i láti inú kí ilẹ̀ má bàa ṣàn jáde. Òjò àkọ́kọ́ yóò fọ omi pupa bíi tíì jáde níbẹ̀. Bí kànga bá wà nínú ọgbà yín, kí ìhà yẹn má kọjú sí i. Ẹ lè fi ọ̀rá tẹ́ inú ẹ̀gbẹ́ pákó kó lè pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀. Kí káfíńtà sì fi wáyà tàbí igi kan di àárín àpótí pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹsẹ̀ bàtà 8 gùn, nígbà tí nǹkan inú rẹ̀ bá mu omi yó, pákó yóò yọ ikùn.

Bí ẹ bá ti kún ìsàlẹ̀ àti àárín tán, ẹ má tíì da ilẹ̀ dúdú lé e. Ẹ bo orí rẹ̀ pẹ̀lú páálí tí ẹ ti yọ téèpù lára rẹ̀, kí ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Inú rẹ̀ yóò gbóná. Ẹ máa ki igi gígùn kan bọ inú rẹ̀, kí ẹ fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kàn án. Tí ó bá ṣì ń gbóná, kò tíì yá. Ọjọ́ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ da òkè lé e, kí ẹ jẹ́ kó ga bí ebè ju etí àpótí lọ, nítorí pé yóò rì. Ó lè rì tó ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ẹ ṣe é láṣìṣe. Ààtàn ló ń di ilẹ̀. Nínú àwòrán tí àwọn ará Yúróòpù ń ya, igi lè wà lábẹ́ ebè wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pẹ̀lú ooru àti òjò Èkó, tiwa kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Wọ́n ń tètè jáde, gbòǹgbò wọn kò sì jìnnà. Ata rodo àti tòmátò lè dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ díẹ̀, nítorí ibi tó bá rì lábẹ́ wọn, wọn yóò dà lulẹ̀. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sí àárín irúgbìn kí òjò Okúdu má baà fọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ má sì gbìyànjú láti kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kún ọ̀kan báyìí. Nígbà tí àgbàdo bá pọ̀ lọ́jà, tí háhá àti kùùkù rẹ̀ kún gbogbo orígun àdúgbò, ẹ kún èkejì. Ẹ̀kẹta, ẹ má ra ilẹ̀ kankan fún un ní ọdún yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibi tí èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti eèrí ògì ń lọ lójoojúmọ́, kí ẹ máa fi ewé bò ó. Tó bá fi máa di ọyẹ́, ìdí rẹ̀ yóò ti dúdú, ekòló yóò ti wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ óò sì ti máa bu èyí tí ẹ óò dà lé àwọn méjì àkọ́kọ́ bí wọ́n bá ṣe ń rì.